Bàbá Kóòtù àti Ilé Tí Mo Rà ní Ìgándó

Bàbá mi àgbà kì í dúró níwájú ilẹ̀kùn tí wọ́n bá ń kàn án. Wọ́n máa ń fẹ̀gbẹ́ ti ògiri, wọ́n á na ọwọ́ kan ṣoṣo jáde, wọ́n á kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á sì fa ọwọ́ náà sẹ́yìn kíá. Bí wọ́n ṣe ń kan ilẹ̀kùn gbogbo èèyàn nìyẹn, ìbáà jẹ́ ti pásítọ̀, ìbáà jẹ́ tèmi tí mo jẹ́ ọmọ ọmọ wọn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé eré ni. Màá ṣí ilẹ̀kùn, mi ò ní rí ẹnì kankan, àfi ìgbà tí mo bá yọrí síta kí n tó rí Bàbá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, tí fìlà wọn wà lọ́wọ́ wọn. Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ́jọ́ tí mo bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ká apá ẹ̀wù wọn sókè, wọ́n fi àpá kan hàn mí láti ìgbọ̀nwọ́ dé èjìká, awọ ibẹ̀ ń dán bí ọ̀rá. Wọ́n ní ní Agége ni, pé obìnrin tó wà nínú ilé ti gbé ìkòkò kaná kí àwọn tó débẹ̀. Ohùn wọn kò yí padà rárá, bíi pé oúnjẹ àná ni wọ́n ń sọ.

"Omi gbígbóná ò mọ̀ pé kóòtù ló rán mi," ni wọ́n wí.

Bélíìfù ni wọ́n. Fún ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ yẹn, bélíìfù ni ẹni tí kóòtù máa ń rán tí adájọ́ bá ti ní kí wọ́n lé ẹnì kan jáde nínú ilé, tàbí kí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ nítorí gbèsè. Bélíìfù ló ń lẹ ìwé mọ́ ara géètì. Òun náà ló ń dúró ti àwọn alábàárù, tó ń kọ orúkọ ẹrù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé e síta. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni Bàbá fi ṣe é. Ní Abúlé Ẹ̀gbá, níbi tí wọ́n ti gba yàrá kan àti pálọ̀ fún bí ọgbọ̀n ọdún, Bàbá Kóòtù ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Àwọn aládùúgbò á kí wọn dáadáa, wọ́n á tiẹ̀ gbé àga fún wọn, ṣùgbọ́n ìta ni wọ́n máa ń gbé àga náà sí. Mi ò rántí ẹni tó ní kí Bàbá wọlé.

Nínú ìwé ètò ìsìnkú wọn, èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ nípa ayé wọn. Mo kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Ó ti ń dùn mí láti ọjọ́ náà, nítorí Bàbá ò fi iṣẹ́ wọn pamọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, èmi tí wọ́n fi owó iṣẹ́ náà rán nílé ìwé ni mo wá fi pamọ́ fún wọn. Bàbá mi, ọmọ wọn kejì, kú nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ Bàbá ni mo ń gbé.

Wọn kì í sábà sọ ìtàn iṣẹ́ náà. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ràn láti sọ ni ohun tí èèyàn máa ń kọ́kọ́ gbé tí wọ́n bá ní kó jáde. Wọ́n ní kì í ṣe owó, kì í sì í ṣe sáàtífíkéètì. Ọkùnrin kan ní Ìdímù gun àga, ó tú gílóòbù iná pálọ̀ rẹ̀, ó wé e sínú aṣọ, ó sì fi tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀. Ìyá kan ní Àgbàdo já aago ara ògiri, ó gbá a mọ́ àyà títí ọkọ̀ fi dé, aago náà ò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo yàrá tí a jókòó sí yíká, díẹ̀díẹ̀, láti orí bẹ́ẹ̀dì dé orí àpótí, bí ìgbà tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́.

"Èmi gan-an ò mọ èyí tí màá gbé," ni wọ́n wí.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí mo ra ilé mi. Nínú ìdílé wa, kò sí ẹni tó tíì ra ilé ní Èkó rí. Mo ń ṣiṣẹ́ láàbù nígbà náà, ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, níbi tí a ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò. Ilé náà wà ní Ìgándó, lẹ́yìn ibi tí ọ̀dà títì ti parí: yàrá méjì, pálọ̀ kan, ilé ìdáná tó ṣókùnkùn díẹ̀, géètì onírin, àti ilẹ̀ gbẹrẹfu níwájú ilé tó fẹ̀ tó ibi tí mọ́tò méjì lè dúró sí. Mo fi gbogbo ohun tí mo kó jọ san apá kan, báǹkì san ìyókù, èmi yóò sì máa san án padà lóṣooṣù fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mọ́gééjì ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu pé mi ò ní lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọdún márùn-ún ni mo fún ara mi. Mi ò ní ra mọ́tò. Mi ò ní rán aṣọ. Mo gba iṣẹ́ kejì ní láàbù kan ní Ìkọ̀tún fún Sátidé àti Sọ́ńdè, kí gbogbo owó ibẹ̀ máa lọ tààrà sí báǹkì, kí èlé má baà jẹ mí tán.

Mo gbé ìwé àdéhùn náà lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá kí Bàbá lè bá mi yọ̀. Wọn ò yọ̀. Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀ fún àwọn. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi kà á, wọ́n ń fi rúlà tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti ká igun ojú ewé kan. Ó sọ ohun tí báǹkì lè ṣe bí ẹni tó yáwó bá kùnà láti san án. Èmi ò ka ibẹ̀ nígbà tí mo ń buwọ́ lù ú. Bàbá fi ìka lé e.

"Ojú ewé yìí ni mo fi jẹun fún ọdún mẹ́rìndínlógójì," ni wọ́n wí. "Òun ló rán ìwọ náà nílé ìwé."

Kò tó oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn tí onílé wọn ní Abúlé Ẹ̀gbá fẹ́ wó ilé rẹ̀ láti tún un kọ́, ó sì fún gbogbo ayálégbé ní ìwé oṣù mẹ́ta kí wọ́n fi wá ibòmíràn. Bàbá ti jáde kí ìwé náà tó pé ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n dé sí Ìgándó pẹ̀lú àpótí kan, ẹní kan, àti rédíò. Mo fún wọn ní yàrá tó kọjú síta. Wọn ò tú àpótí náà ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi gbé ọ̀dọ̀ mi. Aṣọ tí wọ́n bá fẹ́ wọ̀, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́; tí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́, inú rẹ̀ ni wọ́n ń dá a padà sí. Mo ra kọ́bọ́ọ̀dù fún wọn, wọ́n fi bàtà wọn sábẹ́ rẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí n kan ìṣó mọ́ ara ògiri. Tí mọ́tò kan bá ń rọra bọ̀ ní àdúgbò, bí ẹni tó ń wá ilé, Bàbá á pa rédíò, wọ́n á lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kì í ṣe níwájú rẹ̀, títí mọ́tò náà á fi kọjá.

Ìjà wa àkọ́kọ́ ní ilé yẹn, nítorí nọ́ńbà ara géètì ni. Mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo rí i pé wọ́n ti fi ọ̀bẹ ha nọ́ńbà ilé wa kúrò pátápátá. Mo ní àwọn tó ń pín ìwé owó iná ò ní mọ ibi tí wọ́n á mú un wá. Mo tún nọ́ńbà náà kọ. Kó tó di Sátidé, wọ́n tún ti ha á. Alhaja Sìdíkà, aládùúgbò wa tó ń ta bíláǹkẹ́ẹ̀tì àti aṣọ ìkélé, bá mi dá sí i, ó bẹ̀ wọ́n, ó ní ẹ̀yin bàbá, ilé tí ò ní nọ́ńbà kì í ṣe ilé ẹni gidi. Inú bí Bàbá débi pé ẹ̀ka èdè Èkìtì ni wọ́n fi dáhùn, Alhaja ò sì gbọ́ ọ. Lẹ́yìn tó lọ, wọ́n tún un sọ fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Jẹ́ kí wọ́n béèrè. Tí wọ́n bá ń béèrè ilé wa lọ́wọ́ èèyàn, a ó ti gbọ́ kí wọ́n tó dé."

Mo bi wọ́n pé àwọn wo ni "wọ́n" náà, ṣebí mi ò jẹ báǹkì ní oṣù kankan, àní mo ń san ju ohun tí wọ́n ní kí n san lọ. Wọ́n wọlé lọ tan rédíò wọn.

Ìtàn kan wà tí Bàbá sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan péré. Ọdún kejì ni. Mo dé láti báǹkì lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ayọ̀, mo ti san owó oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì ń fi í yangàn. Bàbá ní kí n jókòó. Wọ́n ní obìnrin kan wà ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, olùkọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Òun náà fi owó báǹkì ra ilé, ó sì ń sáré san án bí èmi. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì lẹ́yìn ilé ìwé, kò ra nǹkan kan fún ara rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń kó lọ sí báǹkì, kò fi nǹkan kan sílẹ̀ nílé. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, àìsàn mú un ní ẹsẹ̀. Kò lè lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Oṣù kan kọjá, oṣù méjì kọjá, ó di bí ọdún kan. Lẹ́yìn náà ni ẹjọ́, lẹ́yìn ẹjọ́ ni Bàbá.

Wọ́n ní obìnrin náà ṣí ilẹ̀kùn kí àwọn tó kàn án. Ó gbé àga fún wọn, ó bu omi fún wọn, wọ́n sì mu ún. Nígbà tí àwọn alábàárù kó ẹrù rẹ̀ tán, kò gbé ohun kankan fúnra rẹ̀. Ó mú ìgbálẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún yẹn gbá pálọ̀ láti igun dé igun, ó ti gbogbo fèrèsé kí eruku má baà wọlé, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé kọ́kọ́rọ́ fún Bàbá. Mo dúró kí wọ́n parí ìtàn náà. Ojú wọn wà nílẹ̀.

"Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, Yéwándé. Ó ní ẹ ṣé o, sà."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń bẹ̀ mí pé kí n dẹwọ́. Wọ́n ní kí n san ohun tí báǹkì ní kí n san, kí n kó ìyókù pamọ́ síbi tí ọwọ́ mi á tètè tó o, ó kéré tán kó tó owó ọdún kan. Mo ṣí fóònù mi, mo fi ìṣirò hàn wọ́n, iye èlé tí màá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí mo bá fi ọdún márùn-ún parí rẹ̀ dípò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Iye náà pọ̀ gan-an. Wọ́n ní àwọn rí i. Wọ́n ní kò sí irọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà di nǹkan tí a ń jà lé lórí lóṣooṣù. Ní ìgbẹ̀yìn, mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ: mo ní ẹni tí kò ra ilé rí ní ọjọ́ ayé rẹ̀ ò lè kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sanwó ilé. Bàbá gbé àwo oúnjẹ wọn, wọ́n dìde. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni wọ́n ti yíjú padà.

"Báǹkì kì í rántí ohun tó o ti san. Ohun tó bá kù nílẹ̀ ni wọ́n ń rántí."

Mi ò gbọ́. Mo ń kó owó lọ sí báǹkì títí mi ò fi ní nǹkan kan lọ́wọ́.

Ní ọdún kẹrin, ẹni tó ni ilé ìwòsàn wa ní Ẹ̀gbẹ́dá kó lọ sí òkè òkun, wọ́n sì ti ilé ìwòsàn náà pa láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Láàbù ti Ìkọ̀tún ò lè gbà mí ju òpin ọ̀sẹ̀ lọ. Mi ò sọ fún Bàbá. Ní gbogbo àárọ̀, màá múra, màá gbé báàgì mi, màá ní ó dàbọ̀, màá sì máa ti ilé ìwòsàn kan bọ́ sí òmíràn láti Ìdímù dé Abúlé Ẹ̀gbá, mò ń fi ìwé sílẹ̀. Tí ẹsẹ̀ bá ń dùn mí, màá jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ń ṣílẹ̀kùn lọ́sàn-án. Oṣù mẹ́ta kọjá. Lẹ́tà àkọ́kọ́ láti báǹkì dé, ìkejì dé. Èmi ni mo gbà wọ́n lọ́wọ́ ẹni tó mú wọn wá, mo sì fi wọ́n pamọ́.

Ní ọjọ́ kan tí mo wọlé, Bàbá jókòó sí pálọ̀, rédíò wà ní pípa. Wọ́n bi mí pé níbo ni mo fi lẹ́tà sí. Mo ní lẹ́tà wo. Wọ́n dìde, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ sí ilé ìdáná, wọ́n ṣí ike ìrẹsì, wọ́n na apá wọn wọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, wọ́n sì fa lẹ́tà méjèèjì jáde. Wọ́n gbọn ìrẹsì ara rẹ̀ dànù. Wọn ò bá mi jà.

"Inú ìrẹsì ni gbogbo yín máa ń fi í sí," ni wọ́n wí.

"Gbogbo yín" yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Mo ti di ọ̀kan lára àwọn èèyàn tí Bàbá máa ń kan ilẹ̀kùn wọn.

Nísinsìnyí ni mo fẹ́ sọ ohun tí wọ́n ṣe. Láti ìgbà tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ni Bàbá ti ń dá owó sínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Èkìtì, owó tí ẹgbẹ́ yóò fi sin wọ́n lọ́nà tó yẹ. Màmá, ìyàwó wọn, wà nínú ilẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé ilé ẹbí wa níbẹ̀. Ibòji Bàbá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Wọ́n ti gbẹ́ ẹ, wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù mọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi páànù bò ó. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n rí lẹ́tà wọ̀nyí, Bàbá wọ ọkọ̀ lọ sí Èkìtì láì sọ fún mi. Wọ́n lo ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ọmọ wọn àgbà tí a ń pè ní Bàbá Adó nítorí pé Adó-Èkìtì ni wọ́n ń gbé, ló pè mí lórí fóònù pẹ̀lú ìbínú. Wọ́n ní Bàbá ti gba gbogbo owó ìsìnkú wọn padà lọ́wọ́ ẹgbẹ́, àwọn àgbà ẹgbẹ́ sì ń bi àwọn bóyá orí bàbá àwọn ti dàrú. Wọ́n ní kí n sọ òótọ́, kí ni mo fẹ́ fi owó náà ṣe. Mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Nígbà tí Bàbá dé, wọ́n gbé owó náà sí orí tábìlì nínú ọ̀rá dúdú. Ó san gbogbo gbèsè tó wà nílẹ̀, ó sì kù tó oṣù márùn-ún sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n pè mí síta. Wọ́n ti gún igi kéékèèké mẹ́rin mọ́lẹ̀ láàrin géètì àti ilẹ̀kùn pálọ̀, wọ́n sì ti fi okùn yí wọn ká. Mo rò pé wọ́n fẹ́ gbin ewébẹ̀.

"Ibí ni kẹ́ ẹ sin mí sí," ni wọ́n wí.

Mo ní kí ló dé, ṣebí ibòji ti wà nílé. Wọ́n ní kí n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ṣàlàyé fún mi bí wọ́n ṣe máa ń ṣàlàyé ìwé kóòtù, láìyára. Wọ́n ní owó yẹn á tán, mi ò sì tíì ríṣẹ́. Báǹkì á rán ẹnì kan wá láti díye lé ilé, kí wọ́n lè tà á ní gbàǹjo. Ẹni tó fẹ́ rà á á wá wò ó.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rí i tí olówó dé ẹnu géètì tó padà. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, sàréè ni wọ́n rí. Kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé o, Yéwándé. Iwájú ni. Èmi ni kí wọ́n kọ́kọ́ rí."

Mo ní, "Màmá ńkọ́, Bàbá?"

Wọ́n ní Màmá mọ irú ọkọ tó fẹ́, pé ọjọ́ tí àwọn bá lọ síṣẹ́, kì í retí àwọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n di ọwọ́ mi mú, ohun tí wọn kì í sábà ṣe.

"Tó o bá ti san án tán, kẹ́ ẹ wá gbé mi lọ bá a. Má jẹ́ kó pẹ́."

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n buwọ́ lù ú, wọ́n sì ní kí Alhaja Sìdíkà wá buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

Mi ò lè sọ bóyá Bàbá ti mọ̀ pé àwọn ń ṣàìsàn. Ikọ́ wà lára wọn, ṣùgbọ́n ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti na okùn yẹn, ó dà bíi pé wọn ò ní iṣẹ́ mìíràn mọ́. Wọn ò lọ sẹ́nu fèrèsé mọ́ tí mọ́tò bá ń bọ̀. Wọ́n á kàn gbé àga síta, wọ́n á jókòó ti ilẹ̀ tí okùn yí ká, wọ́n á máa wò ó. Ní oṣù kẹrin lẹ́yìn tí wọ́n na okùn náà, mo gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní àárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè. Wọn ò padà wálé láàyè. Ohun tí wọ́n sọ kẹ́yìn sí mi, nọ́ọ̀sì ló fà á. Ó béèrè àdírẹ́sì ilé, mo sì fẹ́ dáhùn. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

"Má tíì fún un," ni wọ́n wí.

Bàbá Adó dé pẹ̀lú ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi gbé òkú lọ sí Èkìtì. Nígbà tí mo fi ìwé náà hàn wọ́n, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pálọ̀ mi. Wọ́n sunkún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ojú sókè tí wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ kan tó ṣì wà nínú mi: "O ti fi bàbá mi dógò fún báǹkì." Ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù àdúgbò náà wá, wọ́n ní owó ilẹ̀ àdúgbò á já wálẹ̀ tí a bá fi sàréè síwájú ilé, ṣùgbọ́n a ti gba ìwé lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. A sin Bàbá láì pa màlúù, láì pe ẹnikẹ́ni. Èèyàn mọ́kànlélógún ni mo kà. Àwọn ọmọ ìlú wa ò wá.

Owó tán bí wọ́n ṣe sọ. Mo tún kùnà oṣù mẹ́rin. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tó gbé fáìlì dání dé láti díye lé ilé. Mo ṣí géètì fún un. Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ tó fi dúró. Ó wo sìmẹ́ńtì funfun náà, ó wo orúkọ tó wà lórí rẹ̀, ó wò mí.

"Màdáàmù, ta lẹ sin síbí?"

Mo ní bàbá mi àgbà ni. Kò wọ inú ilé. Ó ya fọ́tò kan, ó kọ nǹkan sínú fáìlì, ó sì ní kí n má bínú. Lọ́sẹ̀ kejì ni báǹkì pè mí sí ọ́fíìsì, wọ́n ní kí n wá kí a jọ sọ ọ́. Wọ́n dín owó oṣooṣù kù, wọ́n sì fún mi ní ọdún sí i. Mo ríṣẹ́ ní láàbù kan ní Àgbàdo, ó jìnnà, mo sì ń lọ. Mi ò sáré san án mọ́. Ohun tí báǹkì ní kí n san ni mo ń san, mo sì ń fi díẹ̀ pamọ́, títí iye tó kù ò fi ju ohun tí mo ti fi pamọ́ lọ. Ìgbà yẹn ni mo lọ san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ikú Bàbá nìyẹn, nínú oṣù Kẹrin ọdún yìí. Wọ́n kó ìwé ilé fún mi. Orúkọ mi nìkan ló wà níbẹ̀.

Bàbá Adó dé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ìbínú ti lọ lára wọn, wọ́n ti darúgbó. Wọ́n ní àwọn ti bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀, ẹgbẹ́ ti forí ji Bàbá, wọ́n sì ti ṣí páànù lórí ibòji, wọ́n ti fọ inú rẹ̀ mọ́. Wọ́n ti rí àwọn tí yóò gbẹ́ ilẹ̀. Ọjọ́ nìkan ló kù kí n dá.

A dúró níta. Mo mọ ohun tí Bàbá sọ. Mo mọ̀ pé mo ti san án tán, pé kò sí ẹni tó lè wá. Ṣùgbọ́n mo wo iwájú ilé náà, mo fi ojú inú rí i bó ṣe máa rí tí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, àfi ilẹ̀ gbẹrẹfu láti géètì dé ẹnu ilẹ̀kùn mi, ẹ̀rù sì bà mí.

"Ẹ jẹ́ kí òjò yìí dá ná," ni mo wí.

Wọ́n ní, "Yéwándé, ṣé ìwé ilé ò tíì wà lọ́wọ́ rẹ ni?"

Mo ní ó wà lọ́wọ́ mi.

Òjò ti dá. Ọyẹ́ ti ń mú. Bàbá Adó ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹrin lóṣù yìí, mo sì ń wo fóònù náà bó ṣe ń dún títí ó fi dákẹ́.